Kí ìdìbò abẹ́lé tó wáyé ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó máa gba tíkẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí rédíò bá gbé e pé lágbájá ló gbégbá orókè nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ni àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ̀: gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́, àpótí ìbò tí wọ́n gbé síwájú, ẹni tó borí tó ń juwọ́ sókè. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó di ọjọ́ yẹn. Wọ́ọ̀dù ló ti parí, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ àwọn tó máa dìbò sílẹ̀. Bí kò bá sì parí ní wọ́ọ̀dù, inú fáìlì ló máa parí sí, torí ìwé kan tí kò pé ni agbẹjọ́rò ẹlòmíràn máa gbé lọ sílé ẹjọ́.

Bó ṣe ń lọ ní Nàìjíríà ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, pàápàá fún ẹni tó ń fojú sun ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ta ilẹ̀ ra fọ́ọ̀mù, láìmọ̀ pé ìwé orúkọ àwọn tó máa dìbò ti wà nínú àpò ẹlòmíràn.

Òfin Ètò Ìdìbò ọdún 2022 ni mo máa fi ṣàlàyé, torí òun ni wọ́n fi yan gbogbo ẹni tó díje ní 2023. Abala 84 rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ nípa ìdìbò abẹ́lé. Àwọn aṣòfin kì í fi abala yìí lọ́rùn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn náà ló kúkú wà níbẹ̀. Ohun tí mo bá sọ nípa òfin ètò ìdìbò níbí, bó ṣe wà nínú òfin 2022 ni, ó sì lè ti yí padà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jáde, kó wá òfin tó wà lójú iṣẹ́ ní ọdún tirẹ̀, kó kà á fúnra rẹ̀, kó má gbára lé ohun tí alága wọ́ọ̀dù bá sọ fún un.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin 2022 fàyè gbà. Ti àkọ́kọ́ ni ìdìbò tààrà, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lè dìbò. Èkejì ni ìdìbò aláṣojú, tó jẹ́ pé àwọn dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú tí ọmọ ẹgbẹ́ yàn, nìkan ló ń dìbò. Ẹ̀kẹta ni àfẹnukò, tí gbogbo àwọn tó ń du ipò á gbà pé kí ẹnì kan máa lọ. Ẹgbẹ́ ló ń mú èyí tó bá wù ú, ìjà àkọ́kọ́ sì nìyẹn. Ẹni tí ará àdúgbò fẹ́ràn àmọ́ tí kò ní èèkàn kankan lẹ́yìn á máa pariwo ìdìbò tààrà. Ẹni tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti fà kalẹ̀ á ní àfẹnukò ló máa mú ìṣọ̀kan wá. Ẹni tó lówó á fara mọ́ dẹ́lígéètì, torí ènìyàn díẹ̀ ṣeé kà, wọ́n sì ṣeé kàn lára lóru.

Ohun méjì wà tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń du ipò kì í bèèrè. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí INEC ní ọjọ́ 21, ó kéré tán, ṣáájú ìpàdé tí wọ́n máa fi yan olùdíje. Bí wọn ò bá kọ ọ́, ìpàdé náà di asán lábẹ́ òfin, bí èrò ti wù kó pọ̀ níbẹ̀ tó. Èkejì ni ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́. Abala 77 ní kí ẹgbẹ́ tò ó sórí kọ̀ǹpútà, kó sì fi ránṣẹ́ sí INEC, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 30 ṣáájú ìdìbò abẹ́lé. Ẹ wá orúkọ yín nínú ìwé yẹn, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ojú ewé tó wà. Káàdì ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín nìkan kò tó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn ní láti ṣọ́ra níbí ju ẹnikẹ́ni lọ: bí wọ́n bá sọ fún un pé ẹgbẹ́ ti fún un ní ìyọ̀ǹda láti díje, kó gbà á ní ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, torí ìyọ̀ǹda tí wọ́n fi ẹnu sọ kì í dé ilé ẹjọ́.

Lẹ́yìn náà ni owó fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù méjì ló máa ń jẹ́, ọ̀kan láti fi ìfẹ́ hàn, ọ̀kan láti fi díje. Ní 2022, àpapọ̀ owó méjèèjì nínú APC jẹ́ mílíọ̀nù 2 náírà fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, mílíọ̀nù 10 fún ilé aṣojú-ṣòfin, 20 fún sẹ́nétọ̀, 50 fún gómìnà, àti mílíọ̀nù 100 fún ààrẹ. PDP gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 náírà fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, mílíọ̀nù 2 àbọ̀ fún ilé aṣojú-ṣòfin, 3 àbọ̀ fún sẹ́nétọ̀, 21 fún gómìnà, àti 40 fún ààrẹ. Lójú tèmi, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ nìyẹn, àpò ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò. Tíṣà tó mọ ìṣòro gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní ẹkùn rẹ̀ ti já bọ́ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kan, ìyẹn sì ń dùn mí gidigidi. Àwọn ẹgbẹ́ á ní àwọn ń dín owó kù fún obìnrin, ọ̀dọ́ àti àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ẹ bèèrè fọ́ọ̀mù wo gan-an ni wọ́n dín owó rẹ̀ kù nínú méjèèjì, nítorí ó lè jẹ́ ọ̀kan péré, kí ẹ sì gba rìsíìtì báńkì. Owó tí ẹ kà sọ́wọ́ ẹnì kan nínú ọ́fíìsì, ẹ ò ní rí ẹ̀rí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dàrú.

Ìgbà yìí ni ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò ń jókòó. Olú ilé ẹgbẹ́ ló sábà máa ń rán wọn wá, ìpínlẹ̀ mìíràn sì ni wọ́n máa ń ti mú wọn wá kí wọ́n má bàa gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Àgbà kan máa ń wà láàárín wọn, agbẹjọ́rò kan máa ń wà, akọ̀wé náà á sì wà. Ẹ mọ ohun tí òfin ní kí wọ́n yẹ̀ wò. Abala 84, ẹsẹ̀ 3, sọ pé ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fi àmúyẹ kankan kún èyí tó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, kò sì gbọdọ̀ fi ohun mìíràn lé ènìyàn kúrò. Fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, abala 106 àti 107 ni. Kí ẹni náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Kó ti pé ọmọ ọdún 25, èyí tí òfin ọdún 2018 dín kù láti 30. Kó kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó fi ayédèrú ìwé ẹ̀rí fún INEC rí, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ awo, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà jìbìtì láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti kéde pé ó jẹ gbèsè tí kò lè san. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ó gbọ́dọ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 30 ṣáájú ìdìbò.

Àwọn kan gbà pé ẹni tí kò yege nínú ìwé mẹ́wàá kò lè díje láé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 318 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ka ẹni tó ní ìwé mẹ́fà mọ́ ọn, bó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá níbi iṣẹ́ ìjọba tàbí ti aládàáni, tó lọ sí àwọn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí àpapọ̀ wọn tó ọdún kan, tó sì lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó kọ ọ́, kó sì sọ ọ́ dé ibi tó tẹ́ INEC lọ́rùn. Ìṣòro ibẹ̀ ni ẹ̀rí. Ìwé àwọn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú déètì, kí ẹ sì lè ṣe ìṣirò rẹ̀ títí tó fi pé ọdún kan.

Ohun tó ń gbé ènìyàn ṣubú jù nínú àyẹ̀wò ni orúkọ. Ẹ kó gbogbo ìwé yín sílẹ̀: ìwé ìbí tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí, ìwé mẹ́fà, ìwé mẹ́wàá, ti yunifásítì, ti àgùnbánirọ̀, káàdì ìdìbò, káàdì ẹgbẹ́, ìwé owó orí ọdún mẹ́ta. Ẹ fi ìka tọ orúkọ lẹ́tà lẹ́tà. Ẹ máa rí i pé ìwé mẹ́fà kọ orúkọ bàbá bàbá yín, ìwé mẹ́wàá kọ orúkọ oríkì, ti yunifásítì wá kó orúkọ ọkọ wọlé. Ìwé ìbúra nìkan kì í fi gbogbo ìgbà tán an. Ẹ gbé àyípadà orúkọ náà jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ tọ́jú ojú ewé náà gan-an, kí ẹ sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n tún un ṣe bó bá ṣeé ṣe. Oṣù mẹ́fà kí fọ́ọ̀mù tó jáde ló yẹ kí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, kó rántí Bayelsa. David Lyon ti wọlé ìdìbò gómìnà lábẹ́ APC, wọ́n ti ń palẹ̀ ìbúra mọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2020, tó ku ọ̀la kí wọ́n búra fún un, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí ó máa lọ, torí orúkọ tó wà lórí àwọn ìwé ẹ̀rí igbákejì rẹ̀, Biobarakuma Degi-Eremienyo, yàtọ̀ síra wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n jọ wà, bí ti igbákejì ṣe bàjẹ́, ti gómìnà bá a lọ. Douye Diri ti PDP ni wọ́n búra fún. Ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò tó bá ń ṣe ẹ̀tọ́ ìbá ti rí i nínú yàrá kan ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ kì í fi àkókò wọn síbẹ̀. Wọ́n á béèrè pé ta ni bàbá ìsàlẹ̀ yín, èló lẹ lè ná, ṣé ẹ máa ti ẹni tó bá borí lẹ́yìn. Wọ́n lè sọ fún yín pé ìlú kejì ni ipò kàn lọ́tẹ̀ yìí. Pínpín ipò láàárín àwọn ìlú jẹ́ ọgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ìlú ńlá gbé gbogbo rẹ̀ mì, mi ò sì lòdì sí i bí gbogbo ènìyàn bá ti mọ̀ ọ́n ṣáájú kí wọ́n tó ra fọ́ọ̀mù. Tí ẹgbẹ́ bá gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó wá láti ìlú tí kò kàn, tó wá fi ìyẹn lé e nínú àyẹ̀wò, ìrẹ́jẹ nìyẹn, kò sì sí nínú abala 106 tàbí 107. Bí wọ́n bá lé yín, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ ní ìwé. Wọ́n lè kọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà tí ẹ fi béèrè, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Ohun kan tún wà: bí ẹ bá rí lẹ́tà ìjuwọ́sílẹ̀ tí kò ní déètì láàárín àwọn ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí, ẹ fà á yọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ àfẹnukò, àwọn ni wọ́n máa bá yín kọ déètì síbẹ̀.

Ó wá kan dẹ́lígéètì, ibẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ẹkùn ìdìbò yín ní wọ́ọ̀dù 11, tí ẹgbẹ́ sì ní kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yan aṣojú márùn-ún. Ènìyàn 55 ló máa yan olùdíje fún ẹkùn tó lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùdìbò. Ẹni tó bá ní 28 ti borí. Ẹni tí aṣojú wọ́ọ̀dù mẹ́fà wà lọ́wọ́ rẹ̀ pátá ti ní 30, kò nílò ẹnì kankan mọ́ ní wọ́ọ̀dù márùn-ún tó kù. Bí ẹgbẹ́ bá ní mẹ́ta mẹ́ta ni, gbogbo wọn jẹ́ 33, 17 sì ti tó. Nítorí náà, ẹni tó ń fi pósítà kún gbogbo ìgboro kí ìdìbò abẹ́lé tó dé ń bá àwọn tí kò ní ìbò sọ̀rọ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìpàdé wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń yan àwọn aṣojú yẹn.

Bí ìpàdé náà ṣe sábà máa ń rí nìyí. Wọ́n ní aago mẹ́wàá ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n tó péjọ. Alága wọ́ọ̀dù dìde, ó yọ bébà kan tí wọ́n ká ní mẹ́rin láti inú àpò agbádá, ó ka orúkọ márùn-ún. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ṣé ẹ fọwọ́ sí i?" Àwọn tó jókòó síwájú ní, "A fọwọ́ sí i!" Wọ́n fi orin bò ó. Ìwé èsì tó yẹ kí wọ́n kọ níbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní olú ilé ní ìpínlẹ̀ ló máa mú un wá. Nígbà tí ìwé náà bá jáde lọ́jọ́ kejì, orúkọ méjì lè ti yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kà.

Òfin kò fara mọ́ èyí. Abala 84, ẹsẹ̀ 8, ní kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lo dẹ́lígéètì kọ ọ́ kedere sínú ìwé òfin rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa dìbò yan wọn lọ́nà tijọba tiwa-n-tiwa. Ohun tí ẹni tó ń du ipò lè ṣe ni pé kó ti ní ènìyàn mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan kó tó ra fọ́ọ̀mù. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó máa jáde láti du ipò dẹ́lígéètì gan-an, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọmọ ẹgbẹ́, kó ti san owó ẹgbẹ́ tán. Kí ọ̀kan máa fi fóònù ya fídíò láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí ìpàdé, kí déètì àti aago hàn. Kí ẹ̀kẹta gba ẹ̀dà ìwé èsì, tàbí kó ya fọ́tò rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Bí ìwé èsì kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àti sí ọ́fíìsì INEC ìpínlẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn tí ìdìbò abẹ́lé ti já ènìyàn kulẹ̀, kì í níyì lójú adájọ́.

Ẹsẹ̀ 12 abala 84 tún wà, tí ọ̀pọ̀ kò kà sí. Ẹni tí wọ́n yàn sípò òṣèlú, ní ìpele yòówù, kò lè jẹ́ dẹ́lígéètì tó ń dìbò, wọn ò sì lè dìbò fún un. "Ní ìpele yòówù" kó kọmíṣánnà, ó kó olùrànlọ́wọ́ pàtàkì alága káńsù náà. Ẹ wo orúkọ àwọn dẹ́lígéètì tó ń ti yín lẹ́yìn dáadáa. Ẹni tó wà nípò bẹ́ẹ̀ lè di ẹni tí alátakò yín fi ba gbogbo ìdìbò náà jẹ́. Kó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí ìpàdé wọ́ọ̀dù tó wáyé, kó sì ní ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù pé àwọn gbà.

Òfin 2022 yìí náà ló gé àwọn tí ipò wọn ti máa ń sọ di dẹ́lígéètì tẹ́lẹ̀ kúrò: ààrẹ, gómìnà, àwọn aṣòfin. Wọn ò sí nínú ohun tí òfin kọ. Àwọn aṣòfin sáré tún un ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Ààrẹ Buhari kò fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdìbò abẹ́lé ààrẹ ṣe di ti àwọn tí wọ́n yàn láti ìjọba ìbílẹ̀. APC mú mẹ́ta mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ 774, ìyẹn jẹ́ 2,322. PDP mú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí gbólóhùn tí wọn ò kọ sínú òfin ṣe yí gbogbo ìṣirò padà.

Lọ́jọ́ ìdìbò abẹ́lé gan-an, kí ẹni tó ń bá yín ṣọ́ ìbò ní ìwé orúkọ dẹ́lígéètì tí ẹgbẹ́ buwọ́ lù lọ́wọ́, kó máa fi àmì sí ẹni tó bá wọlé. Bí iye ìbò bá ju iye àmì lọ, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó kà á tán. Ẹ rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ INEC wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ìròyìn tí wọ́n bá kọ ni ilé ẹjọ́ máa béèrè. Bí wọ́n bá yí ibi ìpàdé padà lóru, ẹ bi wọ́n bóyá INEC mọ̀. Nígbà míì, ìdìbò abẹ́lé méjì á wáyé lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ní gbọ̀ngàn ìlú, ọ̀kan ní ilé èèkàn kan. Ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ léraléra pé èyí tí ìgbìmọ̀ apàṣẹ ẹgbẹ́ ní ìpele orílẹ̀-èdè rán ènìyàn wá ṣe ni ojúlówó. Èyí tí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ ṣe fúnra wọn kò wúlò, bí gómìnà tilẹ̀ jókòó níbẹ̀.

Ìdìbò tààrà dára létí, torí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń bá a lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni kíkà. Ní Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2018, APC lo ìdìbò tààrà láti yan olùdíje gómìnà. Èsì tí wọ́n kéde fún Babajide Sanwo-Olu jẹ́ 970,851, ti Akinwunmi Ambode, tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, jẹ́ 72,901. Nígbà tí ìdìbò gbogboogbò dé ní 2019, tí ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ jọ lè dìbò, Sanwo-Olu wọlé pẹ̀lú ìbò 739,445. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kò bá sí lójú ọ̀nà, tí wọ́n kàn ń to ènìyàn sẹ́yìn fọ́tò tí wọ́n sì ń kà wọ́n, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ iye tó tọ́. Ìdí nìyẹn tí abala 77 fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Àfẹnukò ni èyí tí wọ́n ń lò jù láti fi tan àwọn tuntun jẹ. Wọ́n á pè yín sí ilé àgbà kan lálẹ́, wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín lọ, pé ipò mìíràn ń dúró dè yín. Ohun tí òfin wí ṣe kedere: gbogbo ẹni tó yege nínú àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun juwọ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó fipá mú òun, àti pé òun fara mọ́ ẹni tí wọ́n yàn. Bí ẹnì kan péré bá kọ̀, àfẹnukò ti fọ́, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ padà sí ìdìbò. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ pe ìpàdé láti fi òǹtẹ̀ lu ẹni tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Nítorí náà, ìwé tí ẹ ò fọwọ́ sí ni agbára yín. Bí ẹ bá fẹ́ juwọ́ sílẹ̀, ó dára, ẹ̀tọ́ yín ni. Àmọ́ ìlérí tí wọ́n bá ṣe fún yín, kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó máa bá yín gbà á.

Lẹ́yìn ìdìbò abẹ́lé, ẹgbẹ́ máa fi orúkọ ránṣẹ́ sí INEC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 180 ṣáájú ìdìbò gbogboogbò. Olùdíje máa kọ fọ́ọ̀mù EC9, tí wọ́n ń kọ ìsọfúnni nípa ara ẹni sí, á sì búra sí i níwájú ilé ẹjọ́ gíga. INEC máa gbé e jáde ní ẹkùn ìdìbò láàárín ọjọ́ méje, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó wò ó. Ìgbà yìí ni kí ẹ lọ kà á. Ẹni tó bá kópa nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà tó sì rí irọ́ nínú fọ́ọ̀mù olùdíje ẹgbẹ́ rẹ̀ lè lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀. Òfin 2022 kò fún àwọn tí kò bá a kópa níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ yẹn.

Ọjọ́ 14 ni wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́. Abala 285 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ló sọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kà á. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 180 láti dájọ́. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 14 láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí ìyẹn ní ọjọ́ 60. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ló kú nítorí pé ẹni tó ni ín ń dúró kí ìgbìmọ̀ ẹ̀bẹ̀ ẹgbẹ́, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ìdìbò abẹ́lé, fèsì. Ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ẹ̀bẹ̀, àmọ́ ọjọ́ 14 kì í dúró dè é. Ẹ ti bá agbẹjọ́rò tó mọ ẹjọ́ òṣèlú sọ̀rọ̀ kí ìdìbò abẹ́lé tó wáyé.

Bí wọ́n ṣe gbé ẹjọ́ wọlé náà ṣe pàtàkì. Bashir Machina ló borí nínú ìdìbò abẹ́lé APC fún sẹ́nétọ̀ Yobe Àríwá ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2022, nígbà tí Ahmed Lawan, Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà nígbà náà, ń du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ. Orúkọ Lawan ni ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ sí INEC. Machina kọ̀, kò juwọ́ sílẹ̀, ó sì borí nílé ẹjọ́ méjèèjì àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2023, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ẹ̀sùn jìbìtì wà nínú ẹjọ́ náà, kò yẹ kó gba ọ̀nà tó gbà wọlé, ọ̀nà tí wọ́n á ti pe ẹlẹ́rìí ló yẹ. Ó sì pàdánù. Mi ò fara mọ́ ìdájọ́ yẹn títí di òní, àmọ́ òun ni òfin báyìí, agbẹjọ́rò yín sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Bí ẹgbẹ́ kò bá tilẹ̀ ṣe ìdìbò abẹ́lé bó ṣe yẹ, gbogbo wọn ló máa jìyà rẹ̀. Ní Zamfara, APC borí nínú ìdìbò 2019. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ẹgbẹ́ kò ṣe ìdìbò abẹ́lé tó bá òfin mu, ìbò wọn di òfo, àwọn tó ṣe ipò kejì sì gba ipò, láti gómìnà dé ilé aṣòfin. Òfin 2022 wá kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé olùdíje ẹgbẹ́ tí kò bá tẹ̀lé òfin náà nínú ìdìbò abẹ́lé rẹ̀ kò ní sí nínú ìdìbò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó bá fà sẹ́yìn. Olùdíje tó bá fẹ́ juwọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí lẹ́tà náà, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ sì jẹ́ kí INEC gbọ́, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 90 ṣáájú ìdìbò. Bó bá juwọ́ sílẹ̀ tàbí tó kú, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìdìbò abẹ́lé mìíràn láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tó ṣe ipò kejì lákọ̀ọ́kọ́ kì í jogún tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó gbọ́dọ̀ tún jáde kó sì tún borí. Nítorí èyí, kó tọ́jú ìwé orúkọ dẹ́lígéètì àti nọ́ńbà fóònù wọn títí ọjọ́ 90 yẹn á fi kọjá.